Ọmọ Ajá Kì Í Ṣe Ohun Ìṣeré: Ìbéèrè fún Ará Ẹdẹ Tí Ó Fẹ́ Gba Ọ̀kan Wọlé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ajá tí ó bá lẹ́ni lẹ́yìn yóò pa ọ̀bọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fi òwe yìí bá olóṣèlú wí, tí wọ́n sì ń fi yin ọmọ tí bàbá rẹ̀ rí jájẹ. Bí ó bá wá di ọ̀rọ̀ ajá gan-an, ìyẹn ẹni tí ó ni òwe, kò sí ẹni tí ó ń rántí rẹ̀ mọ́. Ìbéèrè tí ó yẹ kí gbogbo ará Ẹdẹ, láti Òkè Gádà dé Ọjà Tìmì, láti Akódà dé Owódé, bi ara wọn lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: mélòó nínú àwọn ajá tí ó ń rìn kiri ìgboro ni ó lẹ́ni lẹ́yìn?

Bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Abo ajá kan yóò bímọ márùn-ún tàbí mẹ́fà sí ẹ̀yìnkùlé. Onílé kò lè bọ́ gbogbo wọn. Aláàánú kan yóò mú ọ̀kan, yóò ní òun yóò gbà á tọ́ fún ìgbà díẹ̀ títí ẹni tí yóò ni ín tọ́kàntọ́kàn yóò fi dé. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ ajá náà ti di ọba ilé. Yóò gbé bàtà ẹsẹ̀ kan sá lọ sí abẹ́ àga, yóò fa ìró lulẹ̀ lórí okùn, yóò lé adìyẹ títí adìyẹ yóò fi yíjú padà lé òun náà. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, yóò sùn lé orí ẹsẹ̀ ẹni tí ó bá sún mọ́ ọn jù. Àwọn ọmọdé àdúgbò yóò máa wá wò ó bí ẹni ń wo eégún. Ṣùgbọ́n aláàánú yìí kò lè pa á mọ́ títí: ó lè jẹ́ pé onílé tí ó háyà kò fẹ́ ajá, ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ti gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Ọmọ ajá gbọ́dọ̀ rí ilé tí yóò máa gbé títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ta ni kí a gbé e fún?

Níbi tí ìṣòro wà gan-an nìyí. Ẹni àkọ́kọ́ tí ó bá ní òun fẹ́ ẹ ni wọ́n sábà máa ń gbé e fún. Wọn kì í bi í léèrè ibi tí yóò sùn, ohun tí yóò jẹ, tàbí ẹni tí yóò gbé e lọ gba abẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ tí a ó sọ níhìn-ín ni pé irú ìfúnni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àánú. Ìṣòro ni aláàánú gbé kúrò ní ilé tirẹ̀ lọ sí ojú títì, níbi tí yóò ti di ti gbogbo ìlú.

Àṣà àgbàtọ́ kò ṣàjèjì sí Yorùbá

Kò sí ìran tí ó yẹ kí ó mọ bí a ti ń gba nǹkan tọ́ ju ìran Yorùbá lọ. Láti ayébáyé ni a ti ń fi ọmọ fún ẹ̀gbọ́n, fún àbúrò, fún ọ̀rẹ́ bàbá, láti bá ni tọ́ ọ. A kì í sì í ṣe é láìwádìí. Wọn yóò béèrè irú ìwà tí obìnrin ilé náà ń hù, wọn yóò béèrè bóyá ọmọ ń jẹun yó níbẹ̀, wọn yóò sì máa yà wò ó láti ìgbà dé ìgbà. Bí ara ọmọ bá ń rù, ìyá rẹ̀ kò ní dúró kí ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ pè é kí ó tó lọ mú un padà.

Àṣà yìí kò mọ sórí ènìyàn nìkan. Ẹni tí ó ní abo ewúrẹ́ ṣùgbọ́n tí kò ní àyè lè gbé e fún ẹbí tàbí aládùúgbò láti bá a sìn, pẹ̀lú àdéhùn pé bí ó bá bímọ, wọn yóò jọ pín in. Àdéhùn náà lè má sí nínú ìwé, síbẹ̀ kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí ó tọ́ sí òun àti ohun tí òun jẹ. Bí ewúrẹ́ bá ṣàìsàn, olówó rẹ̀ yóò gbọ́. Bí ó bá kú, wọn yóò fi òkú rẹ̀ hàn án.

Bí ó bá wá jẹ́ pé ewúrẹ́, tí a ó pa jẹ ní ọjọ́ kan, ní irú ètò bẹ́ẹ̀, èwo ni ti ajá tí a fẹ́ kí ó máa ṣọ́ ilé, kí ó sì máa bá ọmọ wa ṣeré fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a kàn ń nà síni bí ẹni na ìdérí ìkòkò?

Ajá nínú ìtàn wa

Àwọn kan yóò sọ pé ìfẹ́ ajá jẹ́ àṣà òyìnbó tí kò kàn wá. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ìbọn tó dé, kí iná mànàmáná tó dé, ajá ni ojú àti imú ọdẹ nínú igbó. Nínú ìtàn àlọ́ wa, nígbà tí ìyàn mú tí gbogbo ẹranko pinnu láti máa pa ìyá wọn jẹ, Ajá nìkan ni ó gbé ìyá tirẹ̀ lọ fi pamọ́ sí ọ̀run. Ìjàpá ni ó dalẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tí ó pìtàn yìí fún àwọn ọmọ wọn lábẹ́ òṣùpá mọ irú ẹni tí ajá jẹ́: ẹni tí kì í fi ẹbí rẹ̀ sílẹ̀ nígbà ìṣòro.

Àwọn baba wa tún máa ń fi orúkọ ajá sọ̀rọ̀. Ẹni tí aládùúgbò ń yọ lẹ́nu lè sọ ajá rẹ̀ ní Ta-ló-mọ̀la tàbí Ẹ̀yìn-làárò. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò jókòó síwájú ilé, yóò sì máa pe ajá rẹ̀ kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè gbọ́. Ajá ń bọ̀, ìhìn ti jẹ́, ìjà kò sì ṣẹlẹ̀. Ẹranko tí a fi orúkọ rẹ̀ ṣe agbẹnusọ fún ẹ̀dùn ọkàn wa kì í ṣe àlejò nínú ilé Yorùbá.

Òtítọ́ kejì kò ṣe é fi pamọ́. Ajá ni ẹbọ Ògún, àwọn kan sì ń jẹ ẹran rẹ̀. Ní Oǹdó, lókìlì ni wọ́n ń pè é. Kò sí ìdí láti bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀sìn tàbí oúnjẹ rẹ̀ níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba ọmọ ajá lọ́wọ́ aláàánú pẹ̀lú ìlérí pé òun yóò sìn ín, tí ó wá tà á fún alápatà ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó ti dalẹ̀. Bóyá a jẹ ajá tàbí a kò jẹ ẹ́, gbogbo wa ni a mọ ohun tí ilẹ̀ dídà jẹ́.

Ìtàn Ẹdẹ fúnra rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Ìtàn sọ pé Aláàfin Ọ̀yọ́ ni ó rán Tìmì Àgbàlé, Ọlọ́fà-iná, wá láti ṣọ́ ọ̀nà kí àwọn oníṣòwò lè máa kọjá ní àlàáfíà. Ìlú tí a tẹ̀ dó nítorí ìṣọ́ kò yẹ kí ó máa ṣe ẹranko tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìṣọ́ bí ẹni tí kò wúlò.

Eré ọmọ ajá, ẹ̀kọ́ ni

Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni ajá fi ń lóyún. Ojú ọmọ rẹ̀ kì í là títí yóò fi pé bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Ó yẹ kí ó wà lọ́dọ̀ ìyá àti àwọn àbúrò òun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí di bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, nítorí lọ́dọ̀ wọn ni ó ti ń kọ́ pé eyín ń dun ẹlòmíràn. Bí ó bá bu àbúrò rẹ̀ jẹ jù, àbúrò yóò han, eré yóò sì dáwọ́ dúró. Ọmọ ajá tí wọ́n já gbà lẹ́nu ọmú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pàdánù ẹ̀kọ́ yìí, ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé ilé ni yóò sì ti parí rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ méjì ará Amẹ́ríkà, Scott àti Fuller, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí ọmọ ajá ṣe ń dàgbà, kọ ìwé jáde ní ọdún 1965. Iṣẹ́ wọn àti ti àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn fi hàn pé láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ méjìlá tàbí mẹ́rìnlá ni ọkàn ọmọ ajá ṣí sílẹ̀ jù fún ayé. Ohun tí ó bá rí ní àkókò yìí láìfara pa ni yóò gbà gẹ́gẹ́ bí ohun tí kò léwu: ọmọ tí ń sáré, ọ̀kadà tí ń pariwo, àlejò tí ó wọ agbádá, ohùn ìpè àdúrà, ìlù dùndún. Ohun tí kò bá rí nígbà náà lè di ohun tí yóò máa bà á lẹ́rù títí ayé, ajá tí ẹ̀rù sì ń bà ni ó sábà máa ń buni jẹ.

Nítorí náà, ọmọ ajá tí ó ń fa bàtà kiri tí ó sì ń lé adìyẹ kì í ṣe ọmọ burúkú. Ilé-ìwé ni ó wà. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ilé ń ṣe ni pé ní àkókò yìí gan-an ni wọ́n máa ń so ó mọ́ ìdí igi láti àárọ̀ títí di alẹ́, wọ́n ní kí ó lè rorò. Lóòótọ́, yóò rorò. Ṣùgbọ́n kò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín olè àti ọmọ ìyá onílé tí ó ti Èkó dé fún ọdún Iléyá. Ajá tí ó mọ ará ilé rẹ̀, tí ó sì fẹ́ràn wọn, ni ó ń ṣọ́ ilé dáadáa, nítorí pé ó ní ohun tí ó ń ṣọ́.

Ó tún yẹ kí a mẹ́nu ba àṣà mìíràn tí ó gbòde. Àwọn tí wọ́n lówó a máa náwó rẹpẹtẹ lórí ajá ilẹ̀ òkèèrè: Alsatian, Boerboel, Caucasian. Ajá Caucasian jẹ́ ẹ̀yà tí a ń sìn ní àwọn òkè tí òtútù pọ̀ sí, irun rẹ̀ sì nípọn bí aṣọ òtútù. Ojú ni ó fi ń rí oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà ní Ọ̀ṣun. Láàárín kan náà, ọmọ ajá ìbílẹ̀, tí ooru ibí kò ṣàjèjì sí, tí ó ń jẹ ohun tí ilé ń jẹ, kò rí ẹni gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwà ajá kò sí nínú iye tí a rà á. Inú bí a ṣe tọ́ ọ ni ó wà.

Dìgbòlugi kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà

Bí ó bá jẹ́ pé àánú ajá nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé, àwọn kan lè kọ etí dídi sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí ènìyàn wà níbẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń lò, nǹkan bí ènìyàn 59,000 ni àrùn dìgbòlugi ń pa lágbàáyé lọ́dọọdún. Áfíríkà àti Éṣíà ni ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún wọn wà. Ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó jẹ́ pé ajá ni ó kó o ràn wọ́n. Ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ajá tí a fura sí ń bù jẹ ni kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí àmì àrùn náà bá ti lè yọ lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí ń yè é.

Síbẹ̀, àrùn yìí ṣe é dènà ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ àrùn lọ. Láti oṣù Agẹmọ ọdún 1885 ni Louis Pasteur ti fi abẹ́rẹ́ àjẹsára gba ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan là ní ilẹ̀ Faransé lẹ́yìn tí ajá bù ú jẹ. Ọjọ́ ikú Pasteur, ọjọ́ 28 oṣù Ọ̀wẹwẹ̀, ni gbogbo àgbáyé ń fi ṣe Àyájọ́ Dìgbòlugi. Àwọn onímọ̀ ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí a bá gún ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ajá agbègbè kan ní abẹ́rẹ́, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà ràn mọ́. Ní ọdún 2019, orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́kọ́ jẹ́rìí sí pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ ikú dìgbòlugi tí ajá ń kó ran ènìyàn. Abẹ́rẹ́ ajá lọ́fẹ̀ẹ́, lọ́dọọdún, láìdáwọ́dúró, ni wọ́n fi ṣe é.

Nàìjíríà kò jìnnà sí irinṣẹ́ yìí. Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Àrùn Ẹranko tí ó wà ní Vom, ní Ìpínlẹ̀ Plateau, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1924, ń ṣe abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún ajá. Ní Ẹdẹ fúnra rẹ̀, ní Yunifásítì Redeemer's, ibùdó ìwádìí àrùn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi dá sílẹ̀ wà níbẹ̀. Ibùdó yìí ni ó kọ́kọ́ tú àkójọ ìran kòkòrò Kòrónà palẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà, ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2020. Ìlú tí ayé ń wò fún ìmọ̀ àrùn kò yẹ kí ó jẹ́ ibi tí ọmọdé lè kú nítorí pé ajá àdúgbò kò gba abẹ́rẹ́ ẹyọ kan.

Kí ẹni tí ó ń ka ọ̀rọ̀ yìí má sì gbàgbé èyí: bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, kì í ṣe epo, kì í ṣe irun ajá tí a jó, ni a ó fi sí ojú ọgbẹ́. Ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn ni a ó fi fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko, lẹ́yìn náà ni ilé ìwòsàn, lójú ẹsẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí ènìyàn yóò gbà níbẹ̀ kò ní jẹ́ ẹyọ kan, owó rẹ̀ yóò sì ju ti ajá lọ fíìfíì. Ẹni tí ó ní òun kò lówó abẹ́rẹ́ ajá kò tíì ṣe ìṣirò rẹ̀ dé ìsàlẹ̀.

Ohun tí ẹ̀sìn sọ

Ẹdẹ jẹ́ ìlú tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fìdí múlẹ̀ tipẹ́. Tìmì Habibu Lágùnjú wà lára àwọn ọba Yorùbá tí ó kọ́kọ́ gba ẹ̀sìn náà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Ọ̀pọ̀ ìdílé níbẹ̀ ni ó gbà pé Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ajá. Ọ̀rọ̀ náà ní àlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀sìn yọ̀ǹda ajá fún ọdẹ, fún ìṣọ́ ẹran àti fún ìṣọ́ oko. Àwọn onímọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan lórí itọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ Màlíkì, tí ó gbilẹ̀ jù ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, kò ka ajá alààyè sí ohun èérí. Ìtàn àwọn tí ó sùn sínú ihò àpáta wà nínú Àlùkùránì, ajá wọn sì wà pẹ̀lú wọn lẹ́nu ọ̀nà. Hádíìsì tí gbogbo ààfáà mọ̀ sì sọ nípa ẹni tí Ọlọ́run dárí jì nítorí pé ó fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ ní omi. Ìdílé tí kò bá fẹ́ ajá nínú yàrá lè kọ́ ilé fún un sí ìta, kí wọ́n sì bọ́ ọ dáadáa. Ohun tí kò sí nínú ẹ̀sìn kankan, yálà ti Mùsùlùmí, ti Kristẹni tàbí ti ìbílẹ̀, ni kí a gba ẹ̀dá alààyè wọlé kí a sì fi ebi pa á.

Bí àwọn mìíràn ti ṣe é

Ní ọdún 1860, obìnrin kan tí ń jẹ́ Mary Tealby dá ilé fún àwọn ajá tí kò ní olówó sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn kan fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà pé ebi ń pa ènìyàn, ó ń kọ́ ilé fún ajá. Ilé náà kó lọ sí Battersea ní ọdún 1871, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní olónìí. Ní ọdún 1978, àjọ mìíràn ní Bìrìtìkó bẹ̀rẹ̀ ìkìlọ̀ pé títí ayé ni ajá, kì í ṣe ti ọjọ́ Kérésì nìkan, nítorí pé bí ọdún bá ti parí ni wọ́n ń já àwọn ọmọ ajá ẹ̀bùn jù sí ìta. Ní Bhutan, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Éṣíà tí kò lówó bíi ti Amẹ́ríkà, ìjọba kéde ní ọdún 2023 pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ tí kì í jẹ́ kí ajá bímọ fún gbogbo ajá ìgboro wọn. Wọn kò pa wọ́n, wọn kò sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa bí sí i.

Ní Èkó nítòsí wa, Dókítà Mark Ofua, dókítà ẹran, ti ń gba ajá àti ẹranko igbó sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyà, ó sì ń wá ilé fún èyí tí ó bá ṣe é wá ilé fún. Ọmọ Nàìjíríà ni, kì í ṣe òyìnbó.

Ẹni tí ń fúnni àti ẹni tí ń gbà

Àwọn kan yóò ní owó gaàrì ni àwọn ń wá, kí a má fi ọ̀rọ̀ ajá dí wọn lọ́wọ́. Òótọ́ ni pé nǹkan le. Ṣùgbọ́n nítorí pé nǹkan le gan-an ni kò fi yẹ kí ẹni tí kò lè bọ́ ajá gba ajá. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ènìyàn sọ pé òun kò lè ṣe é. Inú gbígbà á, kí a sì já a jù sílẹ̀, ni ẹ̀ṣẹ̀ wà.

Ẹni tí ó ń wá ilé fún ọmọ ajá ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìbéèrè, kò sì yẹ kí ojú tì í. Èkíní: ta ni onílé, ṣé ó sì gbà? Èkejì: ta ni yóò máa bọ́ ọ bí gbogbo ilé bá lọ sí ìrìn àjò? Ẹ̀kẹta: ṣé ọgbà wà, tàbí ojú títì ni yóò máa gbé? Ẹ̀kẹrin: ṣé wọ́n ti sin ajá rí, kí ni ó sì ṣẹlẹ̀ sí i? Ìdáhùn sí ìbéèrè kẹrin yìí ni ó ń tú àṣírí jù. Ẹ̀karùn-ún: ṣé wọn yóò jẹ́ kí a máa yà wò ó? Ẹni tí inú bá bí sí ìbéèrè márùn-ún yìí ti dáhùn wọn.

Ẹni tí ń fúnni náà ní ojúṣe tirẹ̀. Kí ó má fa ọmọ ajá lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Kí ó ti lo oògùn aràn fún un. Kí ó ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ tí ó ń dènà àrùn parvo, èyí tí ń mú kí ọmọ ajá máa yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, tí ó sì ń pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi yóò tẹ̀ lé e ní bí oṣù mẹ́ta, ẹni tí ó gbà á yóò sì máa tún un gún bí dókítà ẹran-ọ̀sìn bá ṣe là á sílẹ̀. Kí ó sọ òtítọ́ nípa ìwà rẹ̀: bí ó bá ń jẹ bàtà, kí ó sọ pé ó ń jẹ bàtà. Kí ó sì fi ọ̀rọ̀ kan lé e: bí ilé bá nira, ọ̀dọ̀ mi ni kí ẹ dá a padà sí, ẹ má jẹ́ kí ó dé títì. Ajá tí ó bá ní ibi tí a lè dá a padà sí, òun ni ó lẹ́ni lẹ́yìn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó pọ̀ ní Ẹdẹ, ní Pólì Ìjọba Àpapọ̀, ní Redeemer's àti ní Adeleke, gbọ́dọ̀ rò ó dáadáa. Ọdún ìkẹ́kọ̀ọ́ kì í ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Ajá lè gbé ju mẹ́wàá lọ. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun ń lọ sìn ilẹ̀ bàbá òun láìpẹ́ lè ran ajá lọ́wọ́ nípa gbígbà á tọ́ fún oṣù díẹ̀, kí ó sì bá a wá ilé gidi. Iṣẹ́ ńlá ni ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n kí ó má pe ara rẹ̀ ní olówó ajá.

Ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì, Àríwá Ẹdẹ àti Gúúsù Ẹdẹ, pẹ̀lú ààfin, lè fi ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún, bóyá ní Àyájọ́ Dìgbòlugi, ṣe ọjọ́ abẹ́rẹ́ ajá ní Ọjà Tìmì. Ilé-iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìpínlẹ̀ ní Òṣogbo kò jìnnà, ilé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn náà kò sì jìnnà jù. Òfin náà nílò àtúnṣe. Ẹsẹ 495 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí ó jẹ́ ti gúúsù Nàìjíríà ka ìyà jíjẹ ẹranko sí ẹ̀ṣẹ̀, ó sì fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn náírà 50 lé e. Náírà 50 kò lè ra búrẹ́dì kékeré lónìí. Òfin tí owó rẹ̀ kò ra búrẹ́dì, ta ni yóò bẹ̀rù rẹ̀?

Ọmọ ajá kò lè kọ lẹ́tà, kò lè dìbò, kò lè lọ sí rédíò lọ ṣàròyé. Ohun tí ó lè ṣe kò ju pé kí ó ju ìrù, kí ó gbé bàtà ẹsẹ̀ kan sá, kí ó sì dúró de ẹni tí yóò lé e. Kí ẹni tí yóò lé e náà jẹ́ ẹni tí ó ti jókòó, tí ó ti ṣe ìṣirò oúnjẹ, abẹ́rẹ́ àti ọdún mẹ́wàá, tí ó sì tún ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá tíì yọjú, kí ẹni tí ó gbà á tọ́ ní sùúrù díẹ̀ sí i. Ilé tí ó pẹ́ kí a tó rí sàn ju ilé tí kò pẹ́ tí ó fi tú.